Bàbá oníkáńtà tó kó ẹrù wa láti Ìṣọlọ̀ dé Àkóbọ̀

Bí mo bá tún fẹ́ kó kúrò nílé lọ́la, bàbá oníkáńtà yìí, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù Káńtà ṣiṣẹ́, náà ni màá pè. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ torí pé mo máa sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí pẹ̀lú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á dé àárín kó wá rò pé ẹjọ́ rẹ̀ ni mo wá rò.

Aránṣọ ni mí. Ọdún 11 la gbé Ìṣọlọ̀, yàrá méjì àti pálọ̀, mo sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí onílé fi owó kún owó ilé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, èmi àti ọkọ mi jókòó ṣírò ó. Owó tí a fẹ́ san lórí yàrá méjì l'Ékòó máa gba ilé tó gbòòrò jù ú lọ n'Ìbàdàn, á sì tún ṣẹ́ kù. Ìbàdàn ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi sítáì ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀, wọn ò béèrè ibi tí mo jókòó sí. A ní ká máa lọ. Onílé wá ní kí a jáde láàárín oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ló là á yé wa pé òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, fún ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún ní oṣù 6 kí wọ́n tó lè ní kó jáde. A ò lo oṣù 6 náà tán, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lè fara balẹ̀. Ẹrù tí wọ́n bá fi ìkánjú dì ló máa ń fọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi di ẹrù. Ohun tí a kì í lò lójoojúmọ́ la kọ́kọ́ dì: àwo àlejò, aṣọ òde, ìwé kíláàsì tí àwọn ọmọ ti kọjá. Ìkòkò kan, síbí mẹ́rin àti sítóòfù la fi kádìí rẹ̀. Fún ife, páálí wáìnì ni kí ẹ wá, torí ó ti pín sí ojúlé kéékèèké nínú. Ọmọbìnrin tó ń ta ọtí ní ìkóríta wa bá mi fi mẹ́fà pamọ́. Àjákù aṣọ ṣọ́ọ̀bù mi kún àpò ìrẹsì méjì, òun ni mo fi wé àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó fọ́ nínú wọn, ẹyọ kan báyìí.

Mo tún ra àpò Ghana Must Go mẹ́sàn-án. Àpò yìí ti ń bá wa kó ẹrù láti ọdún 1983 tí ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn ará Gánà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára. Kí n tó kó nǹkan kan sínú rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ máṣíìnì, mo fi òwú tó nípọn rán ìdí ọwọ́ rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta. Ẹ má fọkàn tán síìpù rẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi rán ẹnu rẹ̀ pa, mo sì kọ orúkọ yàrá tí ó ń lọ sára rẹ̀.

Bàbá yìí kọ́ ni mo kọ́kọ́ bá dúnàá-dúrà. Ẹnì kan tó ń polówó iṣẹ́ ẹrù kíkó lórí fóònù ni mo kọ́kọ́ pè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Yàrá mélòó ni?" Mo dá a lóhùn, ó ní 120,000 náírà, kí n kọ́kọ́ fi 30,000 ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kó, ọkọ̀ dánfó tí wọ́n yọ àga inú rẹ̀ ló gbé wá. Ó yọjú wo pálọ̀, ó rí máṣíìnì, ó rí fíríìjì, ó ní 250,000 ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń lọ. Ó lọ lóòótọ́, ó bá 30,000 mi lọ. Àwọn ọmọ jókòó sórí àpò, a ti tú bẹ́ẹ̀dì, a ti tú kọ́tìnnì, kò sì síbi tí a fẹ́ sùn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá dárúkọ owó kó tó rí ẹrù yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Aládùúgbò wa tó ń ta sìmẹ́ńtì ló júwe bàbá oníkáńtà, òun ló máa ń bá a gbé ọjà. Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní rárá. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Wọ́n rìn yíká láti yàrá dé kíṣìnnì, wọ́n ṣí ilé ìwẹ̀ wo, wọ́n jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bí wọ́n ṣe ń lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, wọ́n á béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wo ilé wa tán ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé tí a ń lọ, èyí ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ yé wọn. Ṣé géètì ibẹ̀ gba Káńtà? Ilẹ̀ ni àbí òkè? Bí òjò bá rọ̀, ṣé ọkọ̀ á lè dé ẹnu ọ̀nà, àbí a máa rù ú láti títì? Báwo ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí ọkọ mi pe ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá rán ọmọkùnrin kan lọ wọ̀n ọ́n, ó ní ínṣì 30. Bàbá na apá wọn mọ́ wọ́dúróòbù wa, wọ́n mi orí. "Èyí ò ní wọlé. Ẹ pe káfíńtà kó tú u kó tó di Sátidé." Ká ní wọn ò béèrè, ìta ni wọ́dúróòbù náà ì bá sùn ní Àkóbọ̀, àdúgbò tí a ń kó lọ n'Ìbàdàn. Káfíńtà tú u, mo fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ mi kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi de àwọn ìṣó àti sukúrúù rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó sọ owó: 190,000. Epo wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì wà nínú rẹ̀. Kí n san 90,000 nígbà tí wọ́n bá ti di ẹrù sọ́kọ̀ tán, kí n san ìyókù nígbà tí ẹrù tó kẹ́yìn bá ti wọlé n'Ìbàdàn. Owó tí àwọn ọmọ àdúgbò bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó jáde kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn dọwọ́ mi. Ó wọ́n ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ lẹ́nu, mo mọ̀, àmọ́ iye tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ló wà bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Wọ́n tún ní kí n gba ìwé lọ́wọ́ onílé pé a ò jẹ gbèsè, kí n sì mú rìsíìtì máṣíìnì àti ti fíríìjì sínú báàgì ọwọ́ mi. Ìwé yẹn ṣiṣẹ́. Wọ́n dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, wọ́n bi wá ẹni tó ni ẹrù, bàbá na ìwé sí wọn, a sì kọjá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti máṣíìnì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Mẹ́ta ni mo ní: Butterfly ẹlẹ́sẹ̀, wífíìn tí a fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú, àti índọ́stríà, máṣíìnì ńlá oníná, tí mo fi ọdún méjì san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá dúró tì í, wọ́n ní, "Ṣé epo wà nínú ẹ̀?" Inú mi dùn. Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì rí awakọ̀ tó béèrè bẹ́ẹ̀. Epo máa ń wà nínú agbada tó wà lábẹ́ orí índọ́stríà. Bí wọ́n bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á dà sára aṣọ. Ní alẹ́ Ẹtì, a yí orí rẹ̀ sẹ́yìn, mo fi àjákù aṣọ fa epo náà títí agbada fi gbẹ. Mo yọ abẹ́rẹ́, mo ká aṣọ rírọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ kékeré tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, mo sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ sórí rẹ̀, mo tú bẹ́líìtì, mo fi okùn de táyà ọwọ́ kó má baà máa yí. Nígbà tó di àárọ̀, bàbá àti ọmọ iṣẹ́ kan gbé orí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, wọ́n fi kúbùsù àwọn ọmọ wé e. Wọn ò jẹ́ kó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Iwájú ni wọ́n gbé e sí, láàárín ẹsẹ̀ mi, ibẹ̀ ló sì wà títí a fi dé.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n tò ó bí ẹni to igi ìdáná. Fíríìjì dúró lóòró mọ́ ẹ̀yìn iwájú ọkọ̀, wọ́n fi okùn gbá a mọ́ra. Tẹlifíṣọ̀n wà láàárín fóòmù méjì. A ti fa pẹtiróòlù kúrò nínú jẹnẹrétọ̀ láti alẹ́. Sílíńdà gáàsì wa, oníkílò 12.5, wọ́n ní kí n tì í pa, kí n yọ rẹgulétọ̀, wọ́n wá gbé e dúró sí ẹ̀yìn pátápátá níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Wọn ò gbà kó wọ iwájú pẹ̀lú wa, bó ti wù kí n bẹ̀bẹ̀ tó pé ó lè bọ́.

Ibi tó kù sí nìyí. Aago méje la jọ sọ, aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá ni wọ́n dé, wọn ò pè mí. Fún ẹni tó ti jẹ irú ìyà tí mo jẹ ṣáájú, wákàtí kan ààbọ̀ yẹn gùn púpọ̀. Èkejì ni tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù. A gba Òṣòdì, Ọ̀jọ̀tá, Berger, a gun Long Bridge, Ìbafò, Mówè, ojú ọ̀run mọ́. Bí a ṣe kọjá Ṣágámù tí a ń sún mọ́ Ògèrè, òjò bẹ̀rẹ̀. Tapólì náà ní ihò, ihò yẹn sì bọ́ sórí àpò tí aṣọ àwọn oníbàárà mi wà. Bàbá yà sí ilé epo, àwọn fúnra wọn ló gun òkè ẹrù nínú òjò, wọ́n fa àpò náà jáde, wọ́n bọ́ rénkóòtù tí wọ́n wọ̀ bò ó. Ọ̀kan nínú aṣọ òkè ìyá ìyàwó kan ti fa omi létí, àwọ̀ pupa rẹ̀ ti wọ ara funfun níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀ pé ó ti gbó." Nígbà tí a dé, wọ́n fúnra wọn yọ 10,000 kúrò nínú owó wọn, mi ò béèrè. Mo pe oníaṣọ, mo sọ òótọ́ fún un, mo sì ti ra ẹyọ kan dípò rẹ̀ lọ́wọ́ aláṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́. Owó tí mo fi kún un ju 10,000 lọ. Ẹ fi ọ̀rá wé aṣọ kí ẹ tó kó o sínú àpò, bí oòrùn bá tilẹ̀ ń ràn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà tún béèrè owó omi ní Àkóbọ̀ lórí owó tí a jọ fẹnu kò sí. Bàbá bá wọn wí, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n ti bá wọn sọ ọ́ kí a tó kúrò l'Ékòó.

Ìyá ọkọ mi ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tútù àti iyọ̀. Wọn ò jẹ́ kí páálí kankan wọlé kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ ara wọn kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, wọ́n wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pálọ̀, wọ́n ní ilé náà á tura, àwọn ọmọ á mọ ibẹ̀ ní ilé. Bàbá oníkáńtà ṣí fìlà, wọ́n ṣe àmín pẹ̀lú wa. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má tan fíríìjì títí di alẹ́, kí epo inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè padà sílẹ̀. Ká ní ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́nà ni, ó di ọjọ́ kejì.

Ohun kan tí èmi fúnra mi ṣì ṣe: mo ra iná tó pọ̀ sórí mítà Ìṣọlọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Iná mítà kì í bá èèyàn kó lọ. Ẹni tó gba ilé náà lẹ́yìn wa ló jẹ ẹ́.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún bàbá. Tapólì ló gba ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ní ohun ẹlẹgẹ́, ẹ̀rọ iṣẹ́ yín tàbí ohun tí ẹ kò rí owó rẹ̀ mọ́, irú ọwọ́ yìí ni kí ẹ wá. Ẹ ní kí ó fi tapólì rẹ̀ hàn yín nígbà tó bá wá wo ẹrù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkọ mi àti ọmọkùnrin wa gbé orí máṣíìnì padà sórí tábìlì. Mo da epo sí i títí ó fi kan ìlà tó wà nínú agbada, mo ki abẹ́rẹ́ tuntun bọ̀ ọ́, mo fi àjákù ankara kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà ìrán náà tọ́ láti etí kan dé èkejì. Ìyá ọkọ mi gba àjákù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n ní ọ̀la ni àwọn ń mú ìró méjì wá.