My So-Called Life: eré ọ̀dọ́langba tí ABC dá dúró lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wíwo gbogbo apá 19 tó wà nínú My So-Called Life, eré àtìgbàdégbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà gbé sáfẹ́fẹ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 1994 títí di ìparí oṣù kìíní ọdún 1995. Àpótí díìsìkì DVD tí Shout! Factory gbé jáde ní 2007 ni mo lò, mo sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo apá kankan. Pé eré náà dára kò tún ń ṣe àríyànjiyàn mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìdí tí eré tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò fi pé ọdún kan, èrò mi sì ni pé ohun tó mú kí àwọn èèyàn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló mú kó ṣòro fún ABC láti tà.

Angela Chase, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 tó ń lọ sí Liberty High School ní Three Rivers, ìlú tí àwọn òǹkọ̀wé fi ọkàn dá sí ẹ̀bá Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ìtàn náà dá lé lórí. Láti apá àkọ́kọ́ ló ti kun irun orí rẹ̀ ní pupa, tó ń yẹra fún Sharon tí wọ́n jọ ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, tó sì lọ ń bá Rayanne Graff àti Rickie Vasquez rìn. Jordan Catalano, ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ fà sí, nígbà tí Brian Krakow tó ń gbé ládùúgbò wọn ń kú lọ nítorí rẹ̀ láìrí ojú rere. Winnie Holzman ló dá eré náà sílẹ̀. Edward Zwick àti Marshall Herskovitz, tí wọ́n ti ṣe thirtysomething fún ABC kan náà ṣáájú, sì wà lára àwọn agbátẹrù rẹ̀. Claire Danes tó ṣe Angela kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tí eré náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, ọjọ́ orí yẹn sì wà lára ohun tó kó bá eré náà nígbẹ̀yìn.

Eré yìí yóò sú ẹni tó bá ń retí pé kí nǹkan ńlá máa ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Irorẹ́ kan tó yọ sí Angela lójú ni wọ́n gbé apá karùn-ún kà. Nínú apá tí wọ́n pè ní "Self-Esteem", Jordan ti ń fẹnu ko Angela lẹ́nu ní kọ̀rọ̀ ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ohunkóhun wà láàárín wọn. Nígbà tí apá náà fẹ́ parí, ó yà kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá Angela ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ayé. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dá a padà, mo tún un wò, nítorí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló ti jẹ́ ká mọ bí dídi ọwọ́ mú yẹn ṣe wúwo tó fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn yóò ṣe fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 polówó irú ìyẹn fún ẹni tí kò wo eré náà rí?

Ohùn inú Angela, tí a ń gbọ́ bí ìtàn ti ń lọ, jẹ́ ohun mìíràn tí mo gbádùn. Ohun tó ń rò kì í fìgbà gbogbo bá ohun tó ń ṣe mu, ọ̀pọ̀ ìgbà la sì ti mọ̀ pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Brian ló gba ohùn yẹn ní apá kọkànlá, Danielle àbúrò Angela sì gbà á ní apá kejìdínlógún. Ibẹ̀ la ti wá rí i kedere pé ọmọ tí a ti ń káàánú láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ya ìkà díẹ̀ sí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ Rickie ni mo kà sí ìgboyà tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Wilson Cruz, ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀ tí kò sì fi í pamọ́, ló ṣe ọ̀dọ́ tó wà nínú ipò kan náà, ní àkókò tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Nínú apá Kérésìmesì, "So-Called Angels", wọ́n ti lu Rickie, kò sì ní ilé tí yóò padà sí mọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Katimski, gbà á sílé. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò sọ ọ́ di ìwàásù, ABC sì gbé e jáde láìbo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún ìyẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí.

Orí àkókò tí wọ́n fi eré náà sí ni ìbáwí tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, wákàtí tí NBC ń gbé Mad About You àti eré tuntun kan tó ń jẹ́ Friends jáde, tí Fox sì ní Martin àti Living Single. Eré apanilẹ́rìn-ín ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, tí èèyàn lè fo ọ̀sẹ̀ méjì kó sì padà wá rẹ́rìn-ín láìbéèrè ohunkóhun. My So-Called Life gba odindi wákàtí, ẹni tó bá sì pàdánù apá kan ṣoṣo lè má mọ ìdí tí Angela àti Rayanne kò fi bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́dún 1994, kò sí ibi tí olùwò lè ti lọ wá èyí tó kọjá, àfi tó bá ti gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bíi ABC kì í ta eré fún òǹwòran. Òǹwòran ló ń tà fún àwọn olùpolówó ọjà, iye orí tí Nielsen, ilé-iṣẹ́ tó ń ka iye òǹwòran, bá sì kà ló ń dá owó lé. Ẹni tó ń sunkún nídìí eré àti ẹni tó ń tòògbé nídìí rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn nínú ìṣirò yẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fẹ́ràn Angela bí ẹ̀mí wọn kò pọ̀ tó láti kún inú ilé ńlá bíi ti ABC. Ìyà ibẹ̀ ni pé oṣù January 1995 tí eré náà parí ni Danes gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe, oṣù yẹn náà sì ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n The WB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó wá padà kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ pátápátá. Láti 1998 ni The WB ti ń gbé Dawson's Creek jáde, ó sì pé sáà mẹ́fà lórí iye òǹwòran tí ABC kò ní kà sí nǹkan kan. MTV náà tún My So-Called Life gbé jáde lọ́dún 1995, níwájú àwọn tó yẹ kó ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà, wọ́n sì kó ara wọn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, ABC ní ó tán.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru Danes. Òótọ́ ni pé kò fẹ́ padà fún sáà kejì, Holzman náà sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé lẹ́yìn tí òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún òun láti máa fẹ́ kí eré náà tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ọmọ náà. Òfin California, níbi tí wọ́n ti ń ya eré náà, kò jẹ́ kí ọmọ ọdún 15 ṣiṣẹ́ ju wákàtí márùn-ún lọ lóòjọ́ tí ilé ìwé bá wà, yóò sì tún fi wákàtí mẹ́ta kàwé níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Angela fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí wọ́n fi fún Patty àti Graham, àwọn òbí Angela, ní ìtàn tiwọn. Lójú mi, ká ní iye òǹwòran pọ̀ ni, ABC ì bá wá ọgbọ́n dá sí i. Kò yẹ kí ẹ̀bi ìṣirò àgbàlagbà bọ́ sí ọrùn ọmọ ọdún 16.

Eré náà ní àbùkù tirẹ̀. Apá Halloween, níbi tí Angela ti ń rí ọmọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́, kò bá ìyókù mu rárá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ Graham àti Hallie, tí wọ́n fẹ́ jọ ṣí ilé oúnjẹ, gùn ju bó ti yẹ lọ. Sharon, tí mo rò pé ó ní làákàyè ju gbogbo wọn lọ, kò rí àyè tó.

Ní ti apá ìkẹyìn (ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó fo ìpínrọ̀ yìí), Angela mọ̀ pé Brian ló kọ lẹ́tà ìfẹ́ tí Jordan fún òun, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ Jordan, ó ń wo Brian bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ. Holzman ti ń múra sáà kejì sílẹ̀ lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí okùn ìtàn fi já báyìí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n inú kò bí mi sí àwọn òǹkọ̀wé, nítorí ìpinnu tí Angela ṣe níbẹ̀ jọ ti ọmọ ọdún 15 gan-an.

Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó bẹ̀rẹ̀ láti apá àkọ́kọ́, kó má sì sáré fo àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ ti òbí.