Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo Performance Toolkit lórí z/VM

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń ṣí Performance Toolkit, irinṣẹ́ tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, láràárọ̀ níbi iṣẹ́ mi nílùú ọba. Mainframe IBM kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, la ní. z/VM, tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé (VM), ló wà lórí rẹ̀, àwọn Linux bí ọgọ́ta (guest là ń pè wọ́n) sì ń gbé inú z/VM yẹn, tí kálukú wọn ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ń wọ́ rìn, èmi ni wọ́n ń pè. Toolkit máa ń bá z/VM wá, àmọ́ títì ló wà títí tẹ́ ẹ fi máa san owó rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí jù ni bóyá ó tó owó náà. Ó tó o, àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi tì í lẹ́yìn, mo máa dé orí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé Toolkit kọ́ ló ń wọn nǹkan. CP, tó jẹ́ ọkàn z/VM gan-an, ló ń wọ̀n ọ́n. Ó máa ń da àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú apá mẹ́mọ́rì kan tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ MONDCSS. VM tó bá fẹ́ kà á máa fi IUCV, ọ̀nà tí àwọn VM fi ń bá CP sọ̀rọ̀, so ara rẹ̀ mọ́ *MONITOR, ibi tí CP ti ń pín àkọsílẹ̀ náà, CP á sì máa ké sí i nígbàkigbà tí nǹkan tuntun bá délẹ̀. PERFSVM, tí Toolkit ń gbé inú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń kà á. Òmíràn ni MONWRITE, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé kó kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì bó ṣe wà, láìfi kún un, láìyọ kúrò.

Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn ò nítumọ̀ béèyàn bá kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bíi mítà iná ilé ló rí. Ẹni tó wá wo mítà ò lè sọ iná tẹ́ ẹ lò lóṣù yìí, àfi tó bá mọ iye tó wà lójú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo fọwọ́ ara mi ṣírò ọ̀kan rí kó lè yé mi: ní agogo 2:14 òru, guest kan ti lo CPU fún ìṣẹ́jú àáyá 4,812.6 láti ìgbà tó ti wọlé. Nígbà tó di 2:15, ó ti di 4,848.6. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, 36 ló kù. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 60, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún CPU kan nìyẹn. Irú ìyọkúrò yìí ni Toolkit ń ṣe fún gbogbo guest, gbogbo dísìkì àti gbogbo CPU, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbìyànjú láti fi REXX, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ tèmi, kí n má baà sanwó fún tẹnì kan. Guest kan jáde, ó tún wọlé, mítà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ni ìṣirò mi bá fún mi ní iye tó wà lábẹ́ òdo. Aago náà tún dà mí láàmú. TOD, aago inú ẹ̀rọ náà, ni mainframe fi ń sàmì sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ló sì ti ń kà bọ̀, ní UTC, àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, aago ògiri máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, gbogbo ìjábọ̀ mi sì ń sún sẹ́yìn ní wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bá ọ̀gá mi sọ ọ́ pé ká sanwó.

Iṣẹ́ ìparí oṣù kan ló jẹ́ kí n fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń gbà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí méjì. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà ní mẹ́mọ́rì ni ò tó, ká fi kún un. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀, mo ṣí USTAT, ojú ìwé Toolkit tó ń fi ohun tí guest ń dúró dè hàn (FCX114 ni nọ́ńbà rẹ̀). Ojú ìwé yìí yàtọ̀, torí pé kì í ṣe ìyọkúrò ló fi ń ṣiṣẹ́. CP máa ń yọjú wo guest kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì tẹ́ ẹ ò bá yí i padà, á sì sàmì sí ipò tó bá a: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ṣé CPU ló ń dúró dè, ṣé mẹ́mọ́rì ni, àbí dísìkì. Ìgbà 30 ló ń yọjú láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú ìgbà 30 yẹn, ìgbà 19 ló bá guest wa lórí ìlà, níbi tó ti ń retí CPU. Ti mẹ́mọ́rì, òdo.

Mo wo SHARE rẹ̀, ìyẹn ìpín CPU tó kàn án: RELATIVE 100, iye tí z/VM máa ń fún guest tẹ́nikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn guest ìdánwò náà, 100 ni tiwọn. Àmọ́ oṣù méjì ṣáájú, wọ́n ti sọ virtual CPU (CPU àfarawé) guest yìí di mẹ́rin láti méjì kó lè yára sí i, bẹ́ẹ̀ z/VM máa ń pín SHARE guest sáàárín àwọn virtual CPU tó ní ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá gba 25, wọ́n jọ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú guest ìdánwò tó ní CPU kan ṣoṣo tó ń lo 100 gbáko. Mo gbé SHARE rẹ̀ lọ sí 400. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 43 ni iṣẹ́ náà gbà, a ò sì ra mẹ́mọ́rì kankan.

Ó láwọn ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ojú 3270, ìyẹn ojú tẹ́míná àtijọ́ ti mainframe tó jẹ́ kìkì lẹ́tà, ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn orúkọ bíi %PGW, %IOW àti %CFW ló kún ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣí i nínú bíráwúsà, àwọn lẹ́tà yẹn náà lẹ máa bá. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè kà á láìṣí ìwé. Kì í sì í rí inú Linux fúnra rẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ fi OPTION APPLMON sínú directory guest náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí z/VM ní nípa rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan appldata, apá tó ń kó ìròyìn jọ, sílẹ̀ nínú Linux, kó tó lè máa fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí CP.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀bi Toolkit. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́kọ́ tò ó fún wa ò tan MONWRITE, ìpíndọ́gba wákàtí-wákàtí nìkan ló ní ká máa tọ́jú, torí kí dísìkì má baà kún. Bí CPU bá wà ní ìdá 95 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó sì wà ní ìdá 10 fún ìṣẹ́jú 57 tó kù, ìpíndọ́gba wákàtí yẹn jẹ́ 14.25. Ẹni tó bá rí 14 máa ní ẹ̀rọ ń sinmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn oníbàárà ti ráhùn nípa irú ìṣẹ́jú mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi hàn wọ́n. Èyí ni ohun tí mo ní ẹ gbọ́dọ̀ fi ti Toolkit lẹ́yìn: ẹ jẹ́ kí MONWRITE máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Toolkit lè padà ka fáìlì MONWRITE, kó sì fún yín ní ìjábọ̀ òru tó ti kọjá, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba ò lè padà di ìṣẹ́jú mọ́.

Tó bá jẹ́ guest méjì tàbí mẹ́ta lẹ ní, INDICATE, àṣẹ kan tó wà nínú CP lọ́fẹ̀ẹ́, lè tó yín. Bí wọ́n bá ti tó ogún, ẹ san owó náà. Tèmi báyìí, oṣù mẹ́tàlá ni fáìlì MONWRITE máa ń lò lórí dísìkì kí n tó pa á rẹ́, kí ìparí ọdún kan lè pàdé ìparí ọdún tó ṣáájú rẹ̀.