Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ta irin adìtọ́kọ̀mú lórí WhatsApp

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá nìkan tu ọkọ̀ kékeré onígbòkun, ì báà jẹ́ lórí omi tí wọ́n sé ní Ìkéré l'Ọ̀yọ́ níbí, ì báà jẹ́ lórí ọ̀sà Èkó, bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń pariwo pé "stainless gidi, láti Apápá", ẹ má dá a lóhùn. ₦85,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Owó òógùn mi!

Kó lè yé ẹni tí kò mọ nǹkan náà: bí èèyàn bá dá wà nínú ọkọ̀, ọwọ́ kan wà lára igi ìtọ́kọ̀, èkejì wà lára okùn ìgbòkun. Ọwọ́ wo ló máa fi mu omi? Tó bá ju ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìgbòkun á máa gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ. Irin yìí ni wọ́n ń kàn mọ́ igi ìtọ́kọ̀, okùn tí wọ́n ta láti ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ sí èkejì á gba inú rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á di okùn mú ṣinṣin. Tí ẹ bá tú u, ìtọ́kọ̀ á máa lọ bó ṣe wù yín. Ojúlówó ni mò ń sọ o.

Tèmi ńkọ́? Ó fi wébíìlì rán an sí gáréèjì Owódé níbí l'Ọ̀yọ́, èmi náà ni mo sanwó dírẹ́bà. Inú láílọ́ọ̀nù dúdú ló wà, kò sí páálí, àmọ́ ó ń dán yinrin. Mo gbé e dé Ìkéré. Atẹ́gùn ò tiẹ̀ le lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kí n mú búrẹ́dì nínú àpò, okùn yọ̀ fàà! Ọkọ̀ yí bìrí, igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun gbá mi létí, fìlà bọ́ sómi, búrẹ́dì bọ́ sómi. Àwọn apẹja ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo tú u wò: rọ́bà ni eyín inú rẹ̀! Rọ́bà sílípáàsì! ₦85,000! Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dípẹtà. Stainless wo ló ń dípẹtà nínú omi tí kò níyọ̀?

Mo pè é. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò." Èmi! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun ń wakọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti búlọ́ọ̀kì mi. Lórí fóònù ìyàwó mi ni mo ti rí i pé ó tún gbé fọ́tò kan náà síta, ó ní ó ku méjì péré.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kí ló dé tí mo sanwó ṣáájú? Òótọ́ ni, ó yẹ kí n fura nígbà tó kọ̀ láti ṣe fídíò. Àmọ́ ta ló ń tà á l'Ọ̀yọ́? Ṣé Akẹ̀sán ni n ó ti rà á, láàárín àwọn ẹlẹ́lùbọ́? Àwọn tó sì ń bi mí pé kí ni ará Ọ̀yọ́ ń fi ìgbòkun ṣe, ṣé Odò Ògùn tí wọ́n sé ní Ìkéré kì í ṣe omi ni? Ẹnu dídùn ni ọmọkùnrin náà fi mú mi. Ó ti sú mi! Gbogbo ontàjà orí fóònù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Dírẹ́bà yẹn pàápàá, n kò dá a láre: báwo ló ṣe mọ orúkọ mi kí n tó sọ ọ́?

Ó dáa. Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì dání. Kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ stainless tí wọ́n ń lò lójú omi. Ẹ ní kó fa okùn nínú rẹ̀ lójú yín. Ẹ sanwó tí ọjà bá dé. Tàbí kẹ́ ẹ ra rọ́bà oníkọ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, kẹ́ ẹ we é mọ́ ìtọ́kọ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ̀tún àti òsì ọkọ̀. Òun ni mò ń lò báyìí. Ẹ má sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó o: tẹ́ ẹ bá já sómi, ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà ní dídè ò ní dúró dè yín.

Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ni kò jẹ́ kí n gbé e síbí.