Ìyẹ̀fun apa-eégbọn ajá tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́

Fún ajá, oògùn yìí dáa gan-an. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ ya irun kó lè dé awọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìdí ìrù. Kó má kan ojú àti imú. Ẹ yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò, ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan ológbò rárá! Permethrin, èròjà apakòkòrò kan, ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ológbò kò sì lágbára láti pa oró rẹ̀: á máa gbọ̀n, gìrì á mú un, ó lè kú. Bó bá kàn án, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá láìsí àkọlé, ẹ má rà á.