Ilé-iṣẹ́ tó gbé kọ̀ǹpútà DSA wá fún mi: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún ilé-iṣẹ́ tó gbé kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ wá fún mi, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ti bàbá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ká ní ti ilé-iṣẹ́ nìkan ni, ẹyọ kan ni ǹ bá fún wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ẹrù lọ́wọ́ irú wọn ní Ìlú Ọba yìí á kúkú dá ìwà náà mọ̀.

Salford ni mò ń gbé, àfín sì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Óṣogbo, ẹni òrìṣà ni ìyá bàbá mi máa ń pè mí, wọn kì í sì í jẹ́ kí iyọ̀ kan ọbẹ̀ mi. Dókítà ojú tó ń tọ́jú mi níbí ò bá ti iyọ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé mi ò lè ríran jìnnà, pé ẹyinjú mi kì í dúró sójú kan, pé ìmọ́lẹ̀ máa ń ta mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ́kàn, òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Ọdún 2021 ni mo padà sílé ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, nígbà tí àwọn ọmọ ti tó dá oúnjẹ gbóná fúnra wọn. Ìwé kíkà ni òfin, kò ní nǹkan mìíràn nínú. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní yunifásítì wa ló ní kí n kọ̀wé béèrè fún Disabled Students' Allowance, tí gbogbo ayé ń pè ní DSA. Owó ìjọba ni, Student Finance England ló ń bójú tó o fún àwa tí a wà ní England. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín padà, wọn kì í sì í wo iye tó ń wọlé fún yín tàbí fún ọkọ yín. Ọdún tí mo wọlé yẹn gan-an ni wọ́n pa àwọn ìsọ̀rí owó náà pọ̀ sójú kan, tí wọ́n fi gbèdéke rẹ̀ sí £25,000 lọ́dún nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n ń ka owó yẹn síni lọ́wọ́ o. Ohun tí wọ́n bá rí i pé ẹ nílò ni wọ́n ń san owó rẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò sì ni owó náà ń lọ tààrà. Tiyín níbẹ̀ ni £200 àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni ìlànà yẹn ti wà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ra kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, nítorí náà kí àkàndá ẹ̀dá san ìwọ̀n tiẹ̀. Mo san án. Àmọ́ kí ẹni tó ro ìlànà yẹn lọ ra kọ̀ǹpútà £200 lọ́jà, kó gbé ZoomText, ètò tó ń sọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà di ńlá, lé e lórí, kó wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tèmi nìyí. Obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò wò bá mi jókòó lórí fídíò, torí àsìkò kòrónà ni. Ó bi mí bí mo ṣe ń kàwé, bí mo ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní kíláàsì, ibi tí tábìlì mi kọjú sí, bóyá fèrèsé wà lẹ́yìn mi. Obìnrin náà mọṣẹ́. Ìròyìn tó kọ gùn: láptọ́ọ̀pù tó lágbára, mọ́nítọ̀ ńlá tí ojú rẹ̀ kì í dán, apá irin tí màá fi máa fà á súnmọ́ imú mi, kíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ ìyeyè tí lẹ́tà dúdú gàdàgbà wà lórí rẹ̀, àti ZoomText, irú èyí tó ń sọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà di ńlá tó sì tún ń kà á síni létí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba iye owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, èyí tó bá sì dínwó jù ló sábà máa ń wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń yàn. Inú lẹ́tà ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ àwọn tó máa gbé tèmi wá.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn mi wà. Ìjọba ló ń sanwó, èmi ni mò ń lò ó. Ẹni tó ń sanwó ò ní fojú kan mọ́nítọ̀ náà láéláé. Ìwé owó ló ń rí, bí iye tó wà nínú rẹ̀ bá sì ti bá èyí tí wọ́n fọwọ́ sí mu, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ń lò ó ò sì lówó kankan lọ́wọ́ tó lè dì mú títí wọn yóò fi gbọ́ tiẹ̀. Oníṣòwò mọ èyí dunjú.

Ẹrù dé. Àwọn tó gbé e wá já a sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ aago, wọ́n lọ. Èmi àti Bàbá Ayọ̀ la jọ tú u. Láptọ́ọ̀pù náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Apá irin náà dára, ó ṣì wà lára tábìlì mi títí dòní. Ìgbà tí a tan mọ́nítọ̀ ni mo rí ara mi nínú rẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Mo rí irun orí mi, mo rí gílóòbù tó wà lókè àjà, mo rí fèrèsé àti ògiri ilé aládùúgbò wa, ohun tí mo fẹ́ kà wá sá sábẹ́ gbogbo wọn. Ojú mọ́nítọ̀ náà ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Ẹni tí ojú rẹ̀ pé á kàn yí orí díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ní tèmi, bí mo bá ṣe ń sapá láti ríran tó ni ẹyinjú mi ń sáré tó, omi á máa jáde lójú, kò sì ní pẹ́ tí orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo bọ́ ìró mi, mo fi bo fèrèsé. Inú òkùnkùn ọ̀sán gangan ni mo ti ka ìwé òfin ìwà ọ̀daràn mi àkọ́kọ́.

Mo pè wọ́n. Ọmọ tó gbé fóònù, tí mo lè bí lọ́mọ, ń pè mí lórúkọ gbọ̀nrangandan, orúkọ náà ò sì tilẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ti gbé ìlú yìí pẹ́, ìyẹn ò dùn mí mọ́. Ohun tó dùn mí ni èsì tó fọ̀. Ó ní èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ò sí nílẹ̀, àti pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ bá a dọ́gba. Dọ́gba! Ínṣì ni wọ́n wò. Lóòótọ́, ínṣì wọn dọ́gba. Kò sẹ́ni tó bi mí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi obìnrin tó kọ ìròyìn, ẹni tó fi gbólóhùn kan gbáko ṣàlàyé ìdí tí ojú rẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ máa dán.

Kíbọ́ọ̀dù náà tún ní tiẹ̀. Ìyeyè ni lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi gàdàgbà, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé wá, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ sórí ètò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láìwò ó lè má mọ ohun tí ìyẹn ń fà. Lórí ti Amẹ́ríkà, orí 2 ni @ wà, lórí tibí, ẹ̀gbẹ́ Enter ló wà, àmì " ló wà lórí 2. Mo tẹ ohun tí mo rí, ohun tí mi ò rí ló jáde. Ímeèlì mi ò wọlé, pásíwọ́ọ̀dù mi ò wọlé, àmì £ ò sí lójú kíbọ́ọ̀dù rárá. Nítorí pé mi ò rí ohun kékeré ni wọ́n ṣe kọ kíbọ́ọ̀dù olójú ńlá fún mi, wọ́n wá gbé ńlá tó ń parọ́ wá.

Tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí wọ́n fi ZoomText sí i ni mo máa ń rántí. Wọn ò wọlé wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí ọ̀nà tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi ń wo kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ já, ó ní kí n máa ka ohun tí mo bá rí lójú rẹ̀ fún òun. Mo ní, "Ọmọ mi, ká ní mo lè kà á, ṣé a máa jọ wà lórí fóònù yìí?" Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní kí n wá ẹni tó ríran wá. Ayọ̀, tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló bá a parí iṣẹ́ náà. Nígbà tó sì parí, irú èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá lásán ni wọ́n fi sí i, èyí tó ń kàwé síni létí ò sí níbẹ̀. Orúkọ méjèèjì jọra nínú ìwé owó wọn, iye wọn ò jọra.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán àwọn wọ̀nyí, wọ́n fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Fóònù ò yanjú nǹkan kan. Ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ lánàá ò sí níbẹ̀ lónìí, ẹ ó sì tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni àwòrán. Mo ya mọ́nítọ̀ náà, ojú èmi alára hàn nínú rẹ̀ gbangba, mo gé gbólóhùn inú ìròyìn tó ní kó má dán, mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ímeèlì kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin tó kọ ìròyìn àti sí ọ́fíìsì yunifásítì wa. Láti ìgbà tí orúkọ ẹlòmíràn ti wà nínú ímeèlì yẹn ni ohùn wọn ti yí padà. Mọ́nítọ̀ tó tọ́ dé, kíbọ́ọ̀dù tó tọ́ dé, ZoomText tó ń kàwé wọlé. Sáà àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà náà.

Ẹni tó bá ń dúró de tiẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí mo fi gbé e nìyí. Nínú Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti + pọ̀, nǹkan á tóbi lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Fún ìwé kíkà síni létí, NVDA wà lọ́fẹ̀ẹ́. Michael Curran, ọkùnrin afọ́jú kan ní Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, James Teh tí òun náà jẹ́ afọ́jú sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ti Windows yẹn àti NVDA ò tó ZoomText fún ojú tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n gbé mi dé ìdánwò.

Ìràwọ̀ kejì wá kù. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló rán bàbá tó kọ́ mi wá, nítorí náà ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, ohùn wọn lọ sílẹ̀, wọn kì í kánjú. Wọn ò ṣe bí àwọn tó ń ka ìwé ìlànà síni létí. Wọ́n ní kí n gbé ìwé tí mò ń kà lọ́sẹ̀ yẹn jáde, orí rẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló fi hàn mí pé mo lè yí ojú ìwé padà sí dúdú kí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ìyeyè, kí n sọ atọ́ka eku di pupa kó má sọnù mọ́ mi lójú, kí n sì jẹ́ kí ìlà tí mò ń kà nìkan tóbi kí ìyókù dúró bó ṣe wà. Ìyẹn nìkan mú kí n lè kàwé ju wákàtí kan lọ láìdìde. Nígbà tí ohùn kọ̀ǹpútà pe orúkọ mi, tó pè é bí orúkọ oògùn, àwọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe lè tún un kọ kó lè pè é dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín lọ lásán. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í gbà á, tí wọ́n á ní àwọn mọ kọ̀ǹpútà lò.

Láptọ́ọ̀pù náà bàjẹ́ lọ́dún kejì. Wáráńtì bò ó, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e padà, wọn ò yá mi ní òmíràn lò láàárín. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ètò náà ti yí padà ní England. Student Loans Company, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn Student Finance England, ti gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ méjì, ilé-iṣẹ́ kan náà ló sì máa ń yẹ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò wò, tó ń gbé ẹ̀rọ wá, tó sì ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó dára lójú kan, torí kò ní sí ẹni tí wọn yóò ti ẹ̀bi sí lọ́rùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni pé obìnrin tó gbèjà mi kì í ṣe ará ilé oníṣòwò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tí ojú yín tàbí ọwọ́ yín ò gbà wà nínú ìròyìn náà ní kedere. "Mọ́nítọ̀ ńlá" ò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀. Bí ẹrù bá dé, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun gbogbo pé títí ẹ ó fi lò ó, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kì í ṣe àfín tàbí afọ́jú nìkan ni DSA wà fún o. Mo rí i láàárín àwọn ènìyàn wa pé ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í ka ara rẹ̀ mọ́ àkàndá ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bó ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú tó bá ń kàwé, àti ti ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Scotland àti Wales ní ibi tiwọn tí wọ́n ti ń béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ilé, DSA ò kàn yín, ẹ má fi àsìkò yín ṣòfò lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Yunifásítì yín ló kàn. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 ti dè wọ́n láti ṣe ohun tó bá tọ́ láti mú ìdènà kúrò níwájú akẹ́kọ̀ọ́, òfin náà ò sì bi wọ́n léèrè irú ìwé ìrìnnà tí ẹ mú wá. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì àwọn àkàndá ẹ̀dá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé dókítà dání, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n lè yá yín. Tiwa ní mọ́nítọ̀ olójú ńlá méjì ní ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.