Príńtà oní-kátíríìjì àti oní-táǹkì: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ Èkó rà?

Ẹni tó bá dé òpópónà Ọ̀tígbà ní Computer Village, Ìkẹjà, tó ní òun ń wá príńtà tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó sì ń ṣe scan, iye owó ẹ̀rọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un. Iye owó íǹkì ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ra ẹ̀rọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá fi wà nílé lẹ máa fi ra íǹkì fún un.

Méjì ni mo fẹ́ gbé síwájú yín: HP DeskJet 2710, tó ń lo kátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí íǹkì wà nínú rẹ̀, àti Epson EcoTank L3250, tó ní táǹkì tí wọ́n ń da íǹkì sí láti inú ìgò. Àwọn méjèèjì ní Wi-Fi, ẹ lè tẹ̀wé láti orí fóònù. Nínú méjèèjì náà, ọwọ́ lẹ máa fi yí ìwé padà bí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó sì máa ṣí ìdérí lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ń ṣe scan. HP ń gba nǹkan bí ìwé 60 lẹ́ẹ̀kan, Epson ń gba 100. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀.

Orí íǹkì lọ̀rọ̀ wà. Kátíríìjì dúdú HP 305, nǹkan bí ojú ìwé 120 ni HP ní ó ń tẹ̀. 305XL, èyí tó tóbi, ń tẹ 240. Ìgò dúdú Epson 103 ń tẹ 4,500. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìgò kan ń ṣe iṣẹ́ kátíríìjì kékeré tó lé ní mẹ́tàdínlógójì. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní UNILAG tàbí Yaba Tech fẹ́ tẹ project ojú ìwé 100 ní ẹ̀dà mẹ́ta. Kátíríìjì kékeré mẹ́ta nìyẹn, láìka èyí tí supervisor máa fi bírò pupa kùn, tó máa ní kó lọ tún ṣe. Iṣẹ́ kan náà ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgò Epson. Òótọ́ ni pé àwòrán ń jẹ íǹkì ju ọ̀rọ̀ lọ, àti pé díẹ̀ lára íǹkì àkọ́kọ́ máa kún inú ọ̀pá tó wà nínú ẹ̀rọ, síbẹ̀ àlàfo yẹn ṣì pọ̀ gan-an. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ pín owó kátíríìjì sí 120, ẹ pín owó ìgò sí 4,500, kí ẹ wá fi wé iye tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò yín ń gbà lórí ojú ìwé kan. Epson wọ́n ju HP lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná, torí Èkó la wà. Hẹ́ẹ̀dì tó ń tu íǹkì sórí ìwé ní ilé tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé e kó má baà gbẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ìwé wà lẹ́nu ẹ̀rọ, gbangba ni hẹ́ẹ̀dì máa wà. Bí ọyẹ́ tàbí ooru bá wá bá a bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, íǹkì á gbẹ sí i lẹ́nu. Ẹ máa rí i bí ẹ bá tẹ ìwé àyẹ̀wò: ìlà tín-ín-tín tó yẹ kó lọ gbọọrọ á máa já láàárín, àwọ̀ kan sì lè má jáde rárá. Ara kátíríìjì ni hẹ́ẹ̀dì ti HP yìí wà, bí ẹ bá ra òmíràn, hẹ́ẹ̀dì tuntun lẹ rà yẹn. Ti Epson wà nínú ẹ̀rọ títí. Fífọ̀ lẹ máa fọ̀ ọ́, fífọ̀ yẹn ń jẹ íǹkì, inú fóòmù kan lábẹ́ ẹ̀rọ ni íǹkì náà sì ń lọ. Bí fóòmù bá kún, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí oníṣẹ́ ọwọ́ á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe ti ara ògiri. Bí iná bá lọ lójijì, tó bá dé, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí hẹ́ẹ̀dì padà sílé rẹ̀, kí ẹ tó pa á. Ẹ sì máa tẹ ojú ìwé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú príńtà oníǹkì ni pé iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan: nǹkan bí wáàtì 12 ni L3250 ń jẹ bó bá ń ṣe ẹ̀dà, inverter kékeré á gbé e. Príńtà laser, tó ń fi ooru tẹ̀wé, ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì nígbà tó bá ń gbóná.

Ibì kan wà tí HP ti borí. Íǹkì dúdú rẹ̀ ń dúró lójú ìwé bí omi bá kán sí i. Dúdú Epson 103 ń ṣàn. Ẹni tó ń gbé lẹ́tà káàkiri lábẹ́ òjò Èkó yẹ kó ro ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ táǹkì tí dúdú rẹ̀ kò ní ṣàn, ẹ wo Canon PIXMA G3420.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Bí nọ́ńbà HP bá parí sí “e”, bíi 2720e, tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá sì ti fi sórí HP+, ètò kan tí HP ń so ẹ̀rọ mọ́, ẹ̀rọ náà á máa béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà, kò sì ní gba íǹkì míì àfi ti HP. Ẹ wo ẹ̀yìn ti Amẹ́ríkà náà dáadáa. Bó bá jẹ́ 110 V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná wa á jó o.

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ilé tó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ní Sùúrùlérè, tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń gbé yàrá ní Àkọkà tí wọ́n lè dá owó jọ, L3250 ni kí wọ́n rà. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà díẹ̀ lóṣù, HP tó o. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó ìyẹn, kó máa lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

Bó bá jẹ́ L3250 lẹ rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da íǹkì sí i ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó gbé e wọ dánfó. Ilé ni kí ẹ ti dà á, lórí tábìlì tó tẹ́jú, nígbà tí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn, torí kò yẹ kí iná lọ nígbà tí íǹkì àkọ́kọ́ bá ń wọ inú ọ̀pá.