Ọmọlańke pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: bí mo ṣe tún tèmi ṣe nílé, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ni mo ń tà ní Ìbàdàn. Mọ́tò akẹ́rù kì í lè dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù dé sítọ́ọ̀ tó ogójì ìṣísẹ̀, gọ́tà kan sì wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ọmọlańke pẹlẹbẹ kan lọ́dún tó kọjá, ₦38,000. Férémù rẹ̀ irin ni, plywood ló wà lórí, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ní táyà wà nísàlẹ̀, irin ìdìmú wà lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé 300 kg ló ń gbé. Àpò ìrẹsì márùn-ún jẹ́ 250 kg, mo ní ó ti tó mi lò.

Oṣù márùn-ún péré ló fi sìn mí dáadáa. Ẹsẹ̀ iwájú kan ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, kò pẹ́ tí àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ fi dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni plywood bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí sikúrù wà. Ọjọ́ tó wá burú jù ni ọjọ́ tí a fi gbé fíríísà aládùúgbò mi kan. Bá a ṣe ń sọdá gọ́tà, ẹsẹ̀ kan já bọ́ tòun ti pákó, fíríísà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ tó ń bá mi tajà dúró sí. Ó tètè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Àyà mi já gan-an. Ọmọ ọlọ́mọ ni, kí ni mi ò bá sọ fún ìyá rẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo yí i dojú dé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Férémù irin ò ṣe nǹkan kan. Káfíńtà tó wà lójúlé kejì sí wa ló là mí lóye. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ìdè rẹ̀ ni ò dáa o. Sikúrù kúkurú ni wọ́n fi mú ẹsẹ̀ yìí mọ́ plywood. Ẹrù ò sì kúkú ń tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.”

Mo ní, “Báwo, Bàbá Káfíńtà? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.”

Lọ́jọ́ kejì, ó fi táyà tó já náà ti igun rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níta wa tí kò tẹ́jú, ó ní kí n máa ti páálí pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Páálí yẹn wọlé wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Mẹ́ta ló ń gbé ẹrù, ìkẹrin kàn ń bá wọn rìn ni. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ ra ẹsẹ̀, kó má ṣe fi 4 pín ìwọ̀n ẹrù rẹ̀. Kó fi 3 pín in. 300 kg tá a bá fi 3 pín jẹ́ 100 kg fún ẹsẹ̀ kan, ìyẹn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Tí ẹsẹ̀ bá wá já sí gọ́tà, ìgbámọ́lẹ̀ yẹn ju ìwọ̀n ẹrù fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kọ 150 kg sí lára ni mo rà.

Ẹsẹ̀ àtijọ́, íǹṣì 3 ni táyà rẹ̀, ike líle. Íǹṣì 5 ni tuntun, rọ́bà tí wọ́n fi bo irin. Táyà kékeré a máa rì sínú ihò tí táyà ńlá ń gùn kọjá. Ìyàtọ̀ tí mo rí nídìí èyí nìkan tó mi í dúpẹ́ fún. Wọ́n fi ike líle hàn mí náà lọ́jà, ó yá lójú títì lóòótọ́, àmọ́ ariwo rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pọ̀, ó sì lè la táìlì. Rọ́bà ò pariwo. Kìkì pé tẹ́ ẹ bá fi ẹrù wúwo sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ojú kan rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á wá máa fò tó bá ń yí. Mi ò kì í jẹ́ kí ẹrù sùn lórí tèmi.

Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra igi àpá 2×4 (íǹṣì 2 sí íǹṣì 4). Àpá wúwo, ó le, ó máa ń sú ayùn, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ máa wà kọ́ ni ká ti máa ṣọ́ owó ná. A dá a ní ìbú férémù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ̀kẹta láàárín kí plywood tuntun má baà tẹ̀. Wẹ́dà kan ti ní ká gbé e wá kóun jó irin mọ́ ọn. Páìpù férémù yẹn fẹ́lẹ́, iná ì bá lù ú, n ò sì ní lè tú u mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bóòtù la fi dè é látòkè délẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tibi bóòtù yìí dáadáa. M10 la lò, ìyẹn èyí tó nípọn tó mìlímítà 10, ó ń lo sípánà 17. Ẹ jẹ́ kó gba inú pákó kọjá sí òdìkejì. Ẹ fi wọ́ṣà fífẹ̀ sí i kí orí rẹ̀ má baà rì sínú igi. Nọ́ọ̀tì tó ní ike róbótó nínú ni kẹ́ ẹ rà, torí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà kì í tètè tú u. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tá a ti ń lò ó, a tún gbogbo rẹ̀ dè. Igi ti fún pọ̀, méjì sì ti dẹ̀ díẹ̀. Káfíńtà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Óìlì ẹ́ńjínì àlòkù la fi kun abẹ́ igi nítorí ikán àti òjò. Abẹ́ nìkan o! Oúnjẹ ni mo ń gbé, mi ò fẹ́ kí òórùn rẹ̀ kan àpò ìrẹsì. Ọ̀dà la fi kun orí, a sì fi tíúùbù mọ́tò tá a là bò ó kí ẹrù má baà yọ̀.

Ohun kan tún wà. Àwọn tó ṣe é fi ẹsẹ̀ tó ń yí kiri síwájú, àwọn tí kì í yí wà lẹ́yìn níbi ìdìmú. A gbé wọn pààrọ̀, ẹsẹ̀ tó ń yí wá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tì í, méjèèjì ní bíréèkì. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló kọ́kọ́ kíyè sí i: “Mọ́mì, kò fa ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.”

Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ₦22,000. Igi àti plywood, ₦6,000. Bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà, ₦5,500. ₦33,500 lápapọ̀, ó sún mọ́ owó tí mo fi rà á. Ẹnìkan ní ì bá sàn kí n ra òmíràn. Mi ò gbà. Irú èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ náà ni ì bá jẹ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, a ń fi gbé àpò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ti ga sí i ní bí íǹṣì 4, gbígbé àpò sókè sórí rẹ̀ wá ń ni ẹ̀yìn lára, ẹrù tá a bá sì tò ga á fẹ́ fì. Àpò mẹ́ta la ń tò sísàlẹ̀, méjì lókè, pẹ̀lú okùn. Irin ìdìmú rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ó ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nídìí, òun ni mo fẹ́ dojú kọ tí òjò bá dá.